Kí ohùn jìtá má baà tètè kú: bí a ṣe ń tún bríjì àti tremolo ṣe

Bí ẹnì kan bá gbé jìtá oníná wá bá mi pé ohùn rẹ̀ kì í pẹ́, pé bí òun ṣe ń ta okùn ló ń kú, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé òun fẹ́ ra pickup tuntun, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn fún ámúpù. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi owó rẹ̀ sápò ná, ká kọ́kọ́ wo bríjì, ìyẹn irin tí àwọn okùn gùn lé nísàlẹ̀ ara jìtá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohùn ti ń ṣòfò. Síkúrúdíráfà kan, kọ́kọ́rọ́ Allen kékeré kan tàbí méjì àti sùúrù tó láti gba púpọ̀ padà nínú rẹ̀.

Jìtá oríṣi Stratocaster, tí bríjì rẹ̀ ní tremolo (apá irin tí a ń tẹ̀ kí ohùn lè lọ sílẹ̀), ni mo fi ṣe òpó ìtọ́sọ́nà yìí, torí òun àti àwọn tí wọ́n ṣe bíi tirẹ̀ ni mo máa ń bá lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa jù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá. Màá fọwọ́ kan àwọn yòókù bí a bá ṣe ń lọ.

Ibi tí ohùn ń gbà sá

Ẹ mú agogo kan, ẹ fi okùn so ó rọ̀, ẹ lù ú. Á dún, á sì máa dún lọ. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ di ara agogo yẹn mú, kí ẹ tún un lù. Kò! Ó tán. Irin kan náà ni, ọ̀pá kan náà ni. Ọwọ́ tó dì í mú ló mu agbára tí ì bá fi máa dún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn jìtá rí. Orí méjì ló ní: ọ̀kan wà lórí nut, ìyẹn àfárá kékeré lókè ọ̀rùn jìtá, tàbí lórí fret, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ọ̀rùn tí ìka ń tẹ okùn mọ́, èkejì wà lórí bríjì. Bí okùn bá ti ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ń sáré lọ sí orí kan, ó ń sáré padà sí èkejì. Bí ibi tó fẹnu tì bá le, tó wúwo, tó jókòó dáadáa, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa padà sínú okùn. Bí ibẹ̀ bá dẹ̀, tí síkúrù kan ń mì, tí irin kan kò fara kan igi tó yẹ kó fara kàn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni yóò máa bù ú mu.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kó yé wa yékéyéké. Pickup kì í gbọ́ igi. Òòfà àti wáyà ni, okùn irin tó ń gbọ̀n lókè rẹ̀ ló ń gbọ́. Torí náà bríjì kì í bu ohùn kún ohùn. Yíyọ ló ń yọ nínú rẹ̀, ó kàn lè yọ púpọ̀ tàbí kó yọ díẹ̀. Apá ibi tó bá sì ti ń yọ ló ń sọ irú ohùn tí a máa gbọ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ ń mu ohùn tín-ín-rín tòkè, jìtá rẹ̀ á dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Èyí tó bá ń mu tìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ á gbẹ.

Àwọn bríjì tí ẹ máa bá pàdé

Èyí tó rọrùn jù ni ti jìtá Telecaster, tí ilé iṣẹ́ Fender gbé jáde ní ọdún 1950 pẹ̀lú orúkọ Broadcaster. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi síkúrù kàn mọ́ igi ni, gàárì idẹ mẹ́ta sì wà lórí rẹ̀, okùn méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gàárì ni mò ń pè é, torí bí okùn ṣe gùn ún ni ènìyàn ṣe ń gun ẹṣin. Saddle ni ọ̀pọ̀ olórin mọ̀ ọ́n sí. Okùn wọlé láti ẹ̀yìn jìtá, ó la igi kọjá, ó yọ sókè. Kò sí ohun tó ń yí níbẹ̀. Pickup ẹ̀yìn so rọ̀ mọ́ irin pẹlẹbẹ yẹn gan-an, èyí sì wà lára ohun tó fún un ní ohùn tó mú bí abẹ.

Ní ọdún 1954, ilé iṣẹ́ Gibson fi bríjì tí wọ́n ń pè ní Tune-o-matic sórí jìtá Les Paul Custom, nígbà tí Ted McCarty jẹ́ olórí ibẹ̀. Bríjì dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, ọ̀pá mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ sì di ìdí okùn mú. Ọdún yẹn kan náà ni Stratocaster jáde pẹ̀lú tremolo rẹ̀. Tremolo ti Bigsby ti wà ṣáájú wọn, láti ìparí àwọn ọdún 1940: okùn wé mọ́ ọ̀pá kan, sípíríǹgì kúkúrú kan ṣoṣo gbé apá rẹ̀ dúró, ohùn sì ń lọ sókè-sódò díẹ̀, ó dùn, kò sì le. Jìtá Jazzmaster ti ọdún 1958 fi ọ̀nà jíjìn sáàárín bríjì àti ibi tí okùn parí sí. Okùn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ bríjì mọ́lẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn bríjì náà tún ń dún tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ kúrú, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Tremolo Floyd Rose dé ní ìparí àwọn ọdún 1970: ó ti okùn pa nídìí bríjì àti ní nut, ó sì dúró lórí òpó méjì pẹ̀lú etí tó mú bí ọ̀bẹ.

Ẹni tó bá mọ gángan ti mọ bí tremolo Stratocaster ṣe ń ṣiṣẹ́. Onílù fún ọsán, awọ le, ohùn gòkè. Ó dẹ ọwọ́, ohùn sọ̀ kalẹ̀. Nínú jìtá, okùn mẹ́fà ń fà níwájú, sípíríǹgì tó sá pamọ́ sẹ́yìn ara jìtá ń fà lápá kejì, irin pẹlẹbẹ wà láàárín wọn bí òṣùwọ̀n. Ẹ tẹ apá tremolo, okùn á dẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. (Lédè àwọn olórin, vibrato ni ohùn tó ń lọ sókè-sódò, tremolo ni kíké tó ń pọ̀ tó ń dín. Ṣùgbọ́n tremolo ni Leo Fender, tó dá ilé iṣẹ́ Fender sílẹ̀, pè é, orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára.)

Ìfàmọ́ra yẹn kì í ṣe kékeré. Okùn oníwọ̀n 9 sí 42 (ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn nínípọn rẹ̀), tí a bá yí i sí ipò rẹ̀ lórí Stratocaster, ń fà tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 38. Oníwọ̀n 10 sí 46 ń fà ju 45 lọ. Ẹni tó bá pààrọ̀ ìwọ̀n okùn láìfọwọ́ kan sípíríǹgì ti da òṣùwọ̀n rú.

Àwọn kan á ní bríjì tó bá ti ń yí kò lè ní ohùn tó pẹ́. Ẹ tẹ́tí sí pedal steel, jìtá tí a ń tẹ́ sílẹ̀ ta, tí Demọ́lá Adépọ̀jù ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé. Bríjì pedal steel ń yí nígbà gbogbo: ẹsẹ̀ ń tẹ pẹ́dà, ìka irin tí okùn gùn ń yí lórí òpó rẹ̀, ohùn ń yọ́ láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Síbẹ̀ ohùn yẹn ń fà lọ bí òwú. Ìdí ni pé irin ibẹ̀ nípọn, ó sì fara kanra ṣinṣin. Yíyí kọ́ ni ọ̀tá ohùn. Dídẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ

Ẹ fi okùn tuntun sí i. Okùn tí òógùn ti jẹ, tó ti dípẹtà, kò sí bríjì tó lè gbà á là. Ẹ yí i sí ipò, ẹ so jìtá mọ́ ámúpù, ẹ pa reverb, ìyẹn gbohùngbohùn, àti gbogbo ìdàrúdàpọ̀ mìíràn. Ẹ fi fóònù gba ohùn sílẹ̀: ẹ ta okùn kẹta (láti orí èyí tó tín-ín-rín jù ni a ti ń kà) láìtẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní fret 12, ẹ ṣe bákan náà. Ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún ta okùn kẹta yẹn láti fret kan sí èkejì. Bó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni ohùn ti ń kú, ọ̀rùn jìtá ló ń mu ún níbẹ̀, kì í ṣe bríjì. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ lára jìtá tí wọ́n fi síkúrù de ọ̀rùn rẹ̀. Ẹ má ná owó bríjì sórí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ rẹ pickup sílẹ̀

Èyí kò náni ní kọ́bọ̀. Òòfà inú pickup Stratocaster lágbára. Bó bá sún mọ́ okùn jù, ó ń fà á, kò ní jẹ́ kó gbọ̀n bó ṣe fẹ́. Ẹ máa gbọ́ ọ lórí okùn kẹfà: ohùn kan á dà bí ohùn méjì tó ń jà. Ẹ tẹ okùn kẹfà ní fret tó gbẹ̀yìn, ẹ wọn àlàfo rẹ̀ sí òòfà. Mìlímítà 2 ni kó jẹ́ lábẹ́ okùn kẹfà, 1.6 lábẹ́ okùn kìíní, fún pickup lásán. Bó bá lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rẹ̀ ẹ́ sí i. Mo ti rí jìtá tí gbogbo àìsàn rẹ̀ parí síbí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pinnu, kó léfòó tàbí kó sùn

Tremolo tó léfòó, ẹ̀yìn irin pẹlẹbẹ rẹ̀ gbé kúrò lára igi, ẹ lè tẹ apá rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ sì lè fà á sókè. Afẹ́fẹ́ máa ń wà nínú ohùn rẹ̀, sípíríǹgì ẹ̀yìn náà ń dá sí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí olóògbé Jeff Beck, atajìtá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fi apá tremolo kọrin bí ènìyàn mọ ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní gbèsè tirẹ̀. Ẹ fa okùn kan láti gbé ohùn rẹ̀ sókè, àwọn tó kù á lọ sílẹ̀. Bí okùn kan bá já, sípíríǹgì á borí, gbogbo okùn tó kù á gòkè kúrò ní ipò.

Tremolo tó sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ sára igi pátápátá. Ẹ ṣì lè tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, kò kàn lè gòkè. Irin àti igi fara kanra síwájú àti sẹ́yìn, ohùn sábà máa ń le sí i, ó sì ń pẹ́ sí i díẹ̀. Eric Clapton, atajìtá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: ó fi gbogbo sípíríǹgì márààrún sí i, ó sì fi igi dí ihò ẹ̀yìn kí tremolo má baà lè yí rárá.

Ní tèmi, jìtá tó ń lọ sí ìsìn wákàtí mẹ́rin, sísùn ni mo máa ń mú un sùn. Okùn á já láàárín ìyìn lọ́jọ́ kan, àwọn akọrin kò sì ní dúró dè yín.

Ohùn tó pẹ́ kọ́ ni gbogbo orin ń fẹ́ ṣá o. Nínú jùjú, jìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń wọnú ara wọn bí ìlù, ọ̀kan ń sọ, èkejì ń dáhùn. Bí ohùn kálukú bá ń fà gùn, wọ́n á bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ta irú jìtá bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé bríjì láti gé ohùn. Lọ́wọ́ rẹ̀, bríjì tó tẹ́, tí gàárì rẹ̀ kò gún ọwọ́, ṣe pàtàkì ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì tí a fi kún ohùn lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: síkúrù mẹ́fà iwájú

Ẹ dẹ okùn ná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń di àwọn síkúrù mẹ́fà tó de iwájú irin pẹlẹbẹ tremolo mọ́ igi pinpin, wọ́n rò pé bó bá ti le tó ni ohùn á ṣe pọ̀ tó. Irin pẹlẹbẹ wá há, kò lè yí, kò sì ní padà sójú kan náà lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ apá rẹ̀. Ẹ tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sókè títí orí wọn á fi ga ju irin lọ ní nǹkan bíi mìlímítà kan àti ààbọ̀. Ẹ wá dá méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún àti òsì padà, títí orí wọn á fi fẹnu kan irin, kí ẹ dúró níbẹ̀. Àwọn méjì yẹn ló ń gbé ẹrù, mẹ́rin àárín ń darí lásán. Bí ti yín bá jẹ́ olópòó méjì dípò síkúrù mẹ́fà, ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò pé ojú irin tó fẹnu ti òpó kò tíì jẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: sípíríǹgì

Ẹ ṣí ike ẹ̀yìn jìtá. Ẹ máa rí irin tó dà bí èékánná tí sípíríǹgì kọ́ sí, síkúrù gígùn méjì dè é mọ́ igi. Àwọn síkúrù wọ̀nyí ni ẹ máa yí. Ẹ yí wọn wọlé, sípíríǹgì á le, ẹ̀yìn bríjì á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yí wọn jáde, á gbé sókè. Ìdajì yíyí ni kí ẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún ohùn okùn ṣe kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Fún èyí tó léfòó, sípíríǹgì mẹ́ta sábà máa ń tó. Onísíkúrù mẹ́fà, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ga tó mìlímítà 3.2 sí igi. Olópòó méjì, 2.4. Fún èyí tó sùn, ẹ lo mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ yí èékánná wọlé títí irin á fi tẹ́, kí ẹ wá fi ìdajì yíyí tàbí odindi kan kún un. Ẹ dán an wò: ẹ fa okùn kẹta títí ohùn rẹ̀ á fi gòkè dé fret méjì, kí ẹ sì máa wo ẹ̀yìn bríjì. Bó bá gbé sókè, kò tíì tó.

Ẹni tó bá fẹ́ ti i pa bíi ti Clapton, kó gé igi líle kékeré tó há gẹ́lẹ́ sáàárín búlọ́ọ̀kù irin (irin ńlá abẹ́ bríjì tí sípíríǹgì kọ́ sí) àti ògiri ihò tó wà níhà ìdí jìtá. Kí igi yẹn tẹ́ sí méjèèjì dáadáa. Igi tó wọ́ kò wúlò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gàárì

Ibi yìí ni ooru ilẹ̀ wa ti ń ba nǹkan jẹ́ jù. Òógùn ọwọ́ máa ń wọ inú àwọn síkúrù tíńtín tó gbé gàárì dúró, wọ́n á dípẹtà, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ méjèèjì á gbé kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn rí i. Gàárì tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ń mu ohùn bí kànrìnkàn. Ẹ fi ìka mi ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mì, ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ títí á fi dúró. Bó bá ti gan, ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i lálẹ́, ẹ tún un gbìyànjú lówùúrọ̀. Ẹ má fagbára yí kọ́kọ́rọ́ Allen, ojú síkúrù yẹn kò nípọn.

Gíga okùn, ẹ wọ̀n ọ́n ní fret 17: mìlímítà 1.6 sí 2 ni ibi tó dáa láti bẹ̀rẹ̀. Okùn tó sún mọ́ fret jù á máa fara gbún un, ohùn ò sì ní pẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi tuner, ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, yẹ ohùn fret 12 wò sí ohùn okùn tí a kò tẹ̀. Bí ti fret 12 bá ga jù, ẹ sún gàárì sẹ́yìn. Bó bá relẹ̀, ẹ sún un síwájú.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe gàárì, mo gbà pé ìyàtọ̀ wà láàárín irin, idẹ àti síńkì, ṣùgbọ́n kò tó èyí tó wà láàárín gàárì tó jókòó dáadáa àti èyí tó ń mì.

Ìgbésẹ̀ keje: búlọ́ọ̀kù, bó bá pọn dandan

Abẹ́ irin pẹlẹbẹ ni búlọ́ọ̀kù wà, òun ló di ìdí okùn mú, òun náà ni sípíríǹgì kọ́ sí. Irin líle ni Fender fi ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 wọ́n yí sí èyí tí wọ́n yọ́ síńkì ṣe, ọ̀pọ̀ olórin sì sọ pé ohùn rẹ̀ kò pẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ jìtá olówó pọ́ọ́kú lónìí ló ní búlọ́ọ̀kù síńkì tó tín-ín-rín. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ òkè yìí, tí ẹ ṣì ń fẹ́ sí i, ibí ni owó yín á ti wúlò ju ti gàárì lọ.

Ẹ wọ̀n kí ẹ tó rà. Láti àárín okùn kìíní dé àárín okùn kẹfà lórí bríjì, àwọn kan jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 52, àwọn kan 56. Ẹ wo ibi tí ihò síkúrù mẹ́ta tó de búlọ́ọ̀kù mọ́ irin pẹlẹbẹ wà, kí ẹ sì wọn bí ara jìtá ṣe jìn tó, kí búlọ́ọ̀kù má baà yọ síta lẹ́yìn. Mo ti ra búlọ́ọ̀kù idẹ rí láìwọn nǹkan kan. Ihò rẹ̀ kò bá tèmi mu, owó yẹn sì lọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn bríjì yòókù, ní kúkúrú

Tune-o-matic: ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Okùn kò gbọdọ̀ fara kan ẹ̀yìn bríjì lẹ́yìn tó bá ti kúrò lórí gàárì; bó bá kàn án, ẹ gbé ọ̀pá ìdí okùn sókè díẹ̀. Ẹsẹ̀ bríjì tó ń mì nínú ihò rẹ̀ ni ẹ máa wá bí ohùn bá kú.

Floyd Rose: ẹ má ṣe yí òpó méjèèjì sókè tàbí sísàlẹ̀ nígbà tí okùn ṣì le. Etí tó mú bí ọ̀bẹ yẹn á jẹ, kò sì ní padà sójú kan mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ okùn, kí òṣùwọ̀n má baà ṣubú.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn

Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ inú ojú nut, kí ìyẹ̀fun dúdú rẹ̀ lè jẹ́ kí okùn máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Bí ẹ bá ta okùn, tí ẹ fọwọ́ pa á lójijì, tí ohùn kan ṣì ń dún láti ẹ̀yìn, sípíríǹgì ni. Ẹ ki fóòmù rírọ̀ díẹ̀ sábẹ́ wọn.

Ẹ wá so jìtá mọ́ ámúpù kan náà, ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ ta okùn kẹta láìtẹ̀ ẹ́, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní fret 12, ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ kà á. Ẹ gbọ́ ti àkọ́kọ́ àti ti ìsinsìnyí tẹ̀ léra. Ẹ kọ ìwọ̀n okùn, iye sípíríǹgì àti ọjọ́ sábẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, torí bí ọyẹ́ bá dé, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ọ̀rùn jìtá á yẹ̀ díẹ̀, òṣùwọ̀n okùn àti sípíríǹgì náà á yẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.